Lẹ́tà Kan, Ilẹ̀kùn Mẹ́rin

Ká sọ pé wọ́n bí obìnrin kan tó ń jẹ́ Adébáyọ̀ ní ọjọ́ 14, oṣù kẹta, ọdún 1987, tó sì lọ gba ìwé àṣẹ ìwakọ̀ ní Ìlú Ọba. Nọ́ńbà tí wọ́n máa tẹ̀ sára páálí rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ báyìí: ADEBA 853147. Ká sọ pé ọkùnrin ni, tí orúkọ, ọjọ́, oṣù àti ọdún kò yàtọ̀. ADEBA 803147 ni tiẹ̀. Ẹ fi wọ́n wé ara wọn. Lẹ́tà márùn-ún àkọ́kọ́ wá láti ara orúkọ ìdílé. 8 tó ṣíwájú àti 7 tó kẹ́yìn ló jọ pín ọdún 87 láàárín ara wọn. 14 ni ọjọ́. Àárín ni ọ̀rọ̀ wà: oṣù kẹta ọkùnrin ni 03, oṣù kẹta obìnrin ni 53. Márùn-ún ni wọ́n ń fi kún òǹkà tó ṣíwájú nínú oṣù obìnrin, débi pé obìnrin tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá, oṣù 62 ni wọ́n bí i lójú ìwé. Kò síbi kankan lára páálí náà tí wọ́n kọ “obìnrin” sí. Síbẹ̀, ẹni tó bá mọ òǹkà náà kà ti mọ̀.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Láyé àwọn baba wa, ọjọ́ keje ni wọ́n ń sọ ọmọbìnrin lórúkọ, ọjọ́ kẹsàn-án ni ti ọmọkùnrin, ìbejì sì ń bọ́ sí ọjọ́ kẹjọ. Aládùúgbò tó bá ń ka ọjọ́ láti ìgbà tí ìyá ìkókó ti sọ̀, tó sì rí i pé ọjọ́ keje ni wọ́n ń gbé ìkòkò kaná, kò ní kó béèrè ohun tí wọ́n bí mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni oríkì: Àjàní kì í ṣe obìnrin, Àṣàkẹ́ kì í sì í ṣe ọkùnrin. Ṣùgbọ́n gbólóhùn ẹnu wa ojoojúmọ́ kì í tú àṣírí yẹn. “Ó ti dé.” “Mo rí i lánàá.” Ta ló dé, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Èdè Yorùbá kò sọ, àfi tí ẹni tó ń gbọ́ bá béèrè. Ìwé ìjọba kì í dúró dìgbà téèyàn bá béèrè.

Bí ìgbé ayé ẹni tó ni páálí bá wá yí padà ńkọ́? Bí ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní ọkùnrin lọ́jọ́ tí wọ́n bí i bá ń gbé ìgbé ayé obìnrin, tàbí tí ẹni tí wọ́n kọ sílẹ̀ ní obìnrin ń gbé ti ọkùnrin, ta ló ń fi márùn-ún yẹn kún un, ta ló sì ń yọ ọ́ kúrò? Àwọn tí Òyìnbó ń pè ní transgender ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ́fíìsì kan ló wà téèyàn á wọ̀, á fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, á sì jáde pẹ̀lú gbogbo ìwé rẹ̀ lákọ̀tun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Ìlú Ọba, ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà: ti ìwé ìwakọ̀, ti pásípọ́ọ̀tì, ti ilé ìwòsàn, àti ti ìwé-ẹ̀rí ìbí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní olùṣọ́ tiẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní kọ́kọ́rọ́ tiẹ̀, ẹni tó ṣí mẹ́ta kò sì tíì ṣí ẹ̀kẹrin.

Nígbà tí ilẹ̀kùn kẹrin kò ní kọ́kọ́rọ́

Ilẹ̀kùn ìwé-ẹ̀rí ìbí ló pẹ́ jù kó tó ṣí. Kóòtù ló tì í pa. Ní ọdún 1960, April Ashley, ọmọ Liverpool tó ti bá wọn ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun rí, rìnrìn àjò lọ sí Casablanca ní Mòrókò. Níbẹ̀ ni dókítà Georges Burou ti ṣe iṣẹ́ abẹ tó sọ ara rẹ̀ di ti obìnrin. Ó padà sí London, ó ń fi aṣọ ìgbàlódé hàn fún àwọn ìwé ìròyìn ẹ̀ṣọ́, ó sì fẹ́ Arthur Corbett ní Gibraltar ní 1963. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Nígbà tí ọ̀rọ̀ wọn dé kóòtù, iwájú adájọ́ Roger Ormrod ló bọ́ sí, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ òfin tó sì tún kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn. Ní ọdún 1970 ó dájọ́ pé ohun tí wọ́n bí mọ́ èèyàn ló ń sọ bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni nínú ìgbéyàwó, pé iṣẹ́ abẹ kankan kò lè yí i padà. Ó fagi lé ìgbéyàwó náà bí ẹni pé kò wáyé rí. Ìdájọ́ kan ṣoṣo yẹn ni òfin fi ṣòdiwọ̀n fún ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún.

Ẹni tó fi tiẹ̀ hàn pé òdiwọ̀n náà kò bá ayé mu mọ́ ni Christine Goodwin. Wọ́n bí i ní 1937, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọkùnrin. Ní 1990, ilé ìwòsàn ìjọba ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì ń gbé ìgbé ayé obìnrin. Owó ìjọba ni wọ́n fi ṣe é. Ìjọba yẹn kan náà ló tún ń sọ pé, ní ti ìwé, kò sí ohun tó yí padà.

Ohun tí èyí dá sílẹ̀ kò hàn síta bí ogun, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ń jẹ ẹ́ níyà. Nígbà náà, ẹni ọgọ́ta ọdún ni obìnrin ń bẹ̀rẹ̀ sí gba owó ìfẹ̀yìntì lọ́wọ́ ìjọba, ọkùnrin á dúró di ọdún 65. Ní 1997, ó pé ọgọ́ta ọdún. Wọ́n ní kó lọ dúró fún ọdún márùn-ún sí i. Láàárín ọdún márùn-ún yẹn, ó gbọ́dọ̀ máa san owó ìbánigbófò ìjọba tí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kò san mọ́. Bí wọ́n bá sì ń yọ owó náà lára owó oṣù rẹ̀, ọ̀gá ibi iṣẹ́ á béèrè pé kí ló dé tí wọ́n ṣì ń yọ owó obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta, nítorí náà ó ní láti ṣètò pé òun fúnra òun ni yóò máa san án tààrà. Káàdì tí àwọn àgbàlagbà London fi ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́, kò kàn án. Nígbà tí olè jà á, kò lè ké “olè,” nítorí ó ń bẹ̀rù pé àwọn ọlọ́pàá yóò wá ìwé rẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ yìí ló yẹ kéèyàn fi sọ́kàn jù lọ: kò sí ẹnikẹ́ni tó lù ú. Ìwé tó ń tako ara rẹ̀ ló ń lé e kiri.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà dé Strasbourg, níbi tí ilé-ẹjọ́ Yúróòpù tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn wà. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2002, àwọn adájọ́ 17 fẹnu kò, láìsí ẹnì kan tó yapa lórí kókó ọ̀rọ̀ náà, pé Ìlú Ọba ti tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ lójú nínú ìgbé ayé ara rẹ̀ àti nínú ẹ̀tọ́ láti ṣègbéyàwó. Wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu pé kí ìjọba fọwọ́ sí ìtọ́jú, kó sanwó rẹ̀, kó wá kọ̀ láti dá èso rẹ̀ mọ̀. Ní oṣù keje ọdún 2004, ilé aṣòfin sọ Òfin Ìdánimọ̀ Jẹ́ńdà di òfin, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 4 oṣù kẹrin ọdún 2005. Lábẹ́ rẹ̀ ni April Ashley náà ti gba ìwé-ẹ̀rí ìbí tuntun kó tó kú ní 2021.

Àwọn ilẹ̀kùn kékeré

Orúkọ ló sábà máa ń ṣíwájú. Nílé, ẹni tó bá fẹ́ yí orúkọ padà á lọ búra ní kóòtù, á sì gbé e sínú ìwé ìròyìn, bí ìyàwó tuntun ṣe ń ṣe. Ní Ìlú Ọba, ìwé tí wọ́n ń pè ní deed poll ni: èèyàn á kọ ọ́ pé òun ti pa orúkọ báyìí tì, orúkọ báyìí ni òun ń jẹ́ láti òní lọ, á fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ẹni tó ti pé ọdún 16 lè ṣe é fúnra rẹ̀. Orúkọ nìkan ló yí padà níbẹ̀ o. Ìwé náà kò sọ nǹkan kan nípa ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ilẹ̀kùn ìwé ìwakọ̀ ló fúyẹ́ jù. Swansea, ní Wales, ni àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ wà. Èèyàn á kọ fọ́ọ̀mù, á fi deed poll tàbí ìwé ìbúra ránṣẹ́ pẹ̀lú páálí àtijọ́, wọ́n á sì fi páálí míì ránṣẹ́ padà. Ẹni tó bá wo páálí tuntun náà fẹ̀rẹ̀ẹ́ má rí ohun tó yí padà yàtọ̀ sí orúkọ àti àwòrán, àyàfi tó bá ka òǹkà: níbi tí 0 wà tẹ́lẹ̀, 5 lè ti jókòó síbẹ̀.

Pásípọ́ọ̀tì le jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Àwọn olùṣọ́ rẹ̀ ń béèrè lẹ́tà láti ọwọ́ dókítà, tó máa jẹ́rìí sí i pé ìyípadà náà jọ èyí tí yóò wà títí. Wọ́n tún ń béèrè ẹ̀rí pé ẹni náà ti yí orúkọ padà, àti ẹ̀rí pé ó ń lo orúkọ náà lóòótọ́: ìwé owó oṣù, lẹ́tà láti ìjọba ìbílẹ̀, irú bẹ́ẹ̀. Wọn kò béèrè iṣẹ́ abẹ. Pásípọ́ọ̀tì sì ni ibi tí lẹ́tà náà ti fara hàn gbangba jù, M tàbí F, nítorí ẹ̀rọ pápákọ̀ òfurufú gbogbo àgbáyé ló gbọ́dọ̀ lè kà á. Àjọ tó ń ṣètò ìrìnnà òfurufú lágbàáyé fàyè gba lẹ́tà kẹta, X, fún orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ lò ó. Ìlú Ọba kò lò ó. Christie Elan-Cane, tí kò ka ara rẹ̀ sí ọkùnrin tàbí obìnrin, fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ìjọba ṣẹjọ́ lórí X yẹn, ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2021 ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin kò fi dandan lé e pé kí ìjọba fún un.

Ilé ìwòsàn ni ilẹ̀kùn tó rọrùn láti ṣí, tó sì léwu jù bí èèyàn kò bá wẹ̀yìn wò. Dókítà ìdílé ló ń bá àgbàlagbà yí àmì náà padà, wọ́n á sì fún un ní nọ́ńbà ìwòsàn tuntun, wọ́n á kó àkọsílẹ̀ àtijọ́ sínú ti tuntun. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ilé ìwòsàn kò mọ ara ènìyàn. Lẹ́tà ló mọ̀. Lẹ́tà yẹn ló fi ń yan àwọn tó máa ránṣẹ́ pè wá fún àyẹ̀wò. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 25 sí 64 ló ń pè fún àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Ọkùnrin tó bá pé 65 ló ń pè wá yẹ òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn wò, bóyá ó ń wú. Ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin, tó ti di ọkùnrin nínú ìwé, tí ilé-ọmọ rẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀, lẹ́tà ìpè kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́. Ẹni tí wọ́n bí ní ọkùnrin, tó ti di obìnrin nínú ìwé, òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa wú kí ẹnikẹ́ni má pè é. Àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ máa rántí fúnra wọn, kí wọ́n lọ sọ fún dókítà. Níbi yìí, ìwé tó bá ojú mu lè má bá ikùn mu.

Kọ́kọ́rọ́ ńlá

Ẹni tó ti ṣí ilẹ̀kùn mẹ́ta yìí lè máa lọ, máa bọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìsí wàhálà. Síbẹ̀, lójú òfin, ìwé-ẹ̀rí ìbí rẹ̀ ṣì ń sọ ohun tó ń sọ lọ́jọ́ kìíní. Kó tó lè yí ìyẹn padà, ó gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ìdánimọ̀ jẹ́ńdà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ kan tí wọ́n kó àwọn amòfin àti àwọn oníṣègùn jọ sí.

Ohun mẹ́rin ni ìgbìmọ̀ yìí ń wò lójú ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà. Àkọ́kọ́, ẹni náà ti pé ọdún 18. Èkejì, àwọn oníṣègùn ti rí i pé ó ní ìdààmú tó máa ń bá ẹni tí ara rẹ̀ àti ohun tó mọ ara rẹ̀ sí kò bára mu. Ẹ̀kẹta, ó ti gbé ìgbé ayé tuntun náà fún ọdún méjì, ó kéré tán. Ẹ̀kẹrin, ó ti pinnu láti gbé e títí dọjọ́ ikú. Ọ̀rọ̀ kẹrin yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu lásán sọ. Ìwé ìbúra ló ń wọ̀, níwájú amòfin tàbí ẹlòmíràn tí òfin fún láṣẹ láti gba ìbúra, ẹni tó bá sì mọ̀ọ́mọ̀ búra èké lè fi ẹ̀wọ̀n jura.

Ìròyìn ìṣègùn méjì ló gbọ́dọ̀ bá ìwé náà rìn. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti ọwọ́ ẹni tó jẹ́ akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí gan-an wá, èkejì lè jẹ́ ti dókítà ìdílé. Bí ẹni náà bá ti ṣe iṣẹ́ abẹ tàbí tó ń múra láti ṣe é, ìròyìn náà á sọ ọ́. Bí kò bá ṣe é, tí kò sì fẹ́ ṣe é, ìyẹn nìkan kò lè dí i lọ́wọ́. Èyí ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu, nítorí èrò tó gbòde ni pé ọ̀bẹ ló ń ṣí ilẹ̀kùn. Àkókò ló ń ṣí i.

Ibí sì ni àwọn ilẹ̀kùn kékeré ti wúlò. Báwo lèèyàn ṣe ń fi hàn pé òun ti gbé irú ìgbé ayé kan fún ọdún méjì? Ìgbìmọ̀ náà kì í pè é wá jókòó síwájú wọn kí wọ́n máa wo ìrìn àti ìmúra rẹ̀. Ìwé ni wọ́n ń kà, láàárín ara wọn. Nítorí náà, ìwé ìwakọ̀ tó yí padà lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, pásípọ́ọ̀tì, ìwé owó oṣù, bíìlì iná, lẹ́tà báńkì, tí ọjọ́ ara wọn tẹ̀ lé ara wọn láìsí àlàfo, àwọn ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tó gbọ́n a máa tọ́jú wọn sínú fáìlì kan láti ọjọ́ àkọ́kọ́, bí ẹni tó ń kó rìsíìtì ilẹ̀ pa mọ́ de ọjọ́ tí ọmọ onílẹ̀ yóò dé.

Owó ìwé náà jẹ́ 140 pọ́n-ùn títí di 2021, nígbà tí wọ́n gé e wálẹ̀ sí 5 pọ́n-ùn. Ṣùgbọ́n owó kọ́ ló ń dá ọ̀pọ̀ dúró. Ìròyìn ìṣègùn ni. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ ilé ìwòsàn ìjọba lọ lè tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó fojú kan akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ náà, kí ọdún méjì tirẹ̀ ti di márùn-ún. Bí ìgbìmọ̀ bá kọ ìwé náà, èèyàn lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, tàbí kó dúró fún oṣù mẹ́fà kó tó tún gbìyànjú.

Ẹni tó ti ṣègbéyàwó ní ìgbésẹ̀ kan sí i. Kí wọ́n tó yí òfin ìgbéyàwó padà, tọkọtaya gbọ́dọ̀ tú ká kí ìwé-ẹ̀rí tó kún tó lè jáde. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2014, wọ́n lè wà papọ̀ ní England àti Wales, bí ẹnì kejì bá kọ ọ́ sílẹ̀, tó sì búra, pé òun gbà kí ìgbéyàwó náà máa bá a lọ. Bí kò bá gbà, ìwé-ẹ̀rí onígbà díẹ̀ ni wọ́n máa fún ẹni náà, èyí tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ni láti fi tú ìgbéyàwó ká. Lẹ́yìn tó bá tú ni ìwé-ẹ̀rí gidi yóò tó jáde.

Tí ìwé-ẹ̀rí náà bá jáde, àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìbí á ṣí ojú ìwé tuntun nínú ìwé àkọsílẹ̀ mìíràn, láti inú rẹ̀ ni ẹni náà á ti máa gba ìwé-ẹ̀rí ìbí tí kò ní fi hàn rárá pé ohunkóhun yí padà. Ojú ìwé àtijọ́ kò jóná, wọn kò sì ya á. Ó wà níbi tó wà. Ohun tí wọ́n tì pa ni ọ̀nà tó so méjèèjì pọ̀, kò sì sí fún ará ìta láti wò. Òṣìṣẹ́ tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà nípasẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀, tó wá lọ tú u síta láìní àṣẹ, ti rú òfin.

Ohun tí kọ́kọ́rọ́ náà kò ṣí

Òfin 2004 sọ pé ẹni tó gba ìwé-ẹ̀rí yìí ti di ohun tí ìwé náà pè é “fún gbogbo ìdí,” ó wá yí padà, ó ń ka àwọn ìdí tí kò sí lára gbogbo ìdí náà. Ẹni tó jẹ́ bàbá ọmọ kó tó gba ìwé-ẹ̀rí ṣì ni bàbá, ẹni tó jẹ́ ìyá ṣì ni ìyá. Freddy McConnell, ọkùnrin tó ti gba ìwé-ẹ̀rí tirẹ̀ kó tó bímọ, fẹ́ kí wọ́n kọ òun sílẹ̀ ní bàbá tàbí òbí lórí ìwé-ẹ̀rí ọmọ náà. Ní 2019, kóòtù ní ẹni tó lóyún tó sì bí ọmọ ni ìyá rẹ̀, kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 2020. Oyè ìdílé àwọn ọlọ́lá náà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ti àkọ́bí ọkùnrin, kò yí padà nítorí ìwé-ẹ̀rí ẹnikẹ́ni. Yorùbá tó mọ bí ìjà oyè ṣe ń rí kò ní béèrè ìdí tí àwọn aṣòfin fi tètè ti ilẹ̀kùn yẹn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin ọdún 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ fi èyí tó wúwo jù kún un. Ẹgbẹ́ obìnrin kan láti Scotland ló gbé ẹjọ́ náà wá. Àwọn adájọ́ márùn-ún fẹnu kò pé nínú Òfin Ìdọ́gba ọdún 2010, ọ̀rọ̀ náà “obìnrin” ń tọ́ka sí ẹni tí wọ́n bí ní obìnrin, pé ìwé-ẹ̀rí ìdánimọ̀ jẹ́ńdà kò yí ìyẹn padà. Àwọn kan yọ̀, wọ́n ní ó ti yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Àwọn kan kẹ́dùn, wọ́n ní wọ́n ti yọ eyín kọ́kọ́rọ́ náà. Àwọn adájọ́ fúnra wọn kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kà á sí ìṣẹ́gun ẹgbẹ́ kan lórí èkejì, wọ́n sì rán àwọn èèyàn létí pé òfin ṣì ń dáàbò bo àwọn transgender lọ́wọ́ ìyà àti ìyọlẹ́nu. Ìwé-ẹ̀rí náà wà, ìwé-ẹ̀rí ìbí tuntun wà. Ṣùgbọ́n ẹni kan náà lè jẹ́ obìnrin lábẹ́ òfin kan, kó má jẹ́ ẹ lábẹ́ òmíràn.

Ẹni tí wọ́n bí ní Ìbàdàn

Ká wá sọ pé Ìbàdàn ni wọ́n ti bí ẹni náà, tó wá ń gbé Peckham ní London. Ó lè gba ìwé-ẹ̀rí ìdánimọ̀ lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ ọ̀hún. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí ìbí tuntun kò sí fún un, nítorí inú ìwé àkọsílẹ̀ Ìlú Ọba nìkan ni wọ́n ti lè ṣí ojú ìwé míì. Tirẹ̀ wà ní Nàìjíríà. Ní Nàìjíríà, kò sí òfin tó la irú ọ̀nà yìí. Ohun tó wà ni àtúnṣe fún àṣìṣe: bí akọ̀wé bá ṣèèṣì kọ ọkùnrin níbi tó yẹ kó kọ obìnrin, èèyàn lè mú ẹ̀rí àti ìwé ìbúra lọ kí wọ́n tún un kọ.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà àtúnṣe yẹn rí mọ ohun tí Christine Goodwin ń sọ ju bó ṣe rò lọ. Ẹni tí NIN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba, ń pè ní Rasheed, tí BVN rẹ̀, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti báńkì, ń pè ní Rasheedat, lẹ́tà méjì péré ló wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n àkáǹtì rẹ̀ ní báńkì lè dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ. Akọ̀wé á wo ojú rẹ̀, á wo ìwé, á tún wo ojú rẹ̀. Ẹni náà ò jalè. Ìwé méjì ló ń pe ara wọn nírọ́, òun ló wà láàárín.

Ọ̀nà tí àwọn mìíràn là

Kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló gbé ilẹ̀kùn kẹrin ga tó báyìí. Ajẹntínà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di òfin, ní 2012, pé ìbéèrè ẹni náà tó, láìsí dókítà, láìsí adájọ́. Ní Brazil, ilé-ẹjọ́ gíga dájọ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 2018 pé àgbàlagbà lè lọ sí cartório, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń kọ ìbí àti ikú sílẹ̀, kó yí orúkọ àti àmì náà padà níbẹ̀. Orúkọ ìdílé rẹ̀ kò ní yí. Scotland fẹ́ tẹ̀ lé irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀: ní oṣù Kejìlá ọdún 2022, ilé aṣòfin Edinburgh dìbò 86 sí 39 láti mú ẹ̀rí dókítà kúrò, kí wọ́n sì dín ọdún méjì kù sí oṣù mẹ́ta. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, ìjọba London dá òfin náà dúró, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa lo irú agbára bẹ́ẹ̀ lórí òfin Scotland.

Ilẹ̀kùn tó ṣí sì lè padà tì. Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí tẹ X sínú pásípọ́ọ̀tì ní oṣù kẹwàá ọdún 2021. Ní ọjọ́ 20 oṣù kìíní ọdún 2025, ọjọ́ tí Ààrẹ Trump padà sí ìjọba, ó pàṣẹ pé ohun tí wọ́n bí èèyàn sí nìkan ni kí ìwé ìjọba máa kọ. Ẹni tó ń múra ìwé rẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, lẹ́tà kan ló ń retí. Òmíràn ló padà dé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ owó ìfẹ̀yìntì, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún Christine Goodwin. Láti 2010, ìjọba Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọjọ́ orí obìnrin sókè díẹ̀díẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2018, ó bá ti ọkùnrin dọ́gba ní 65; ní 2020, àwọn méjèèjì jọ bọ́ sí 66. Ẹni tó bá jókòó síwájú akọ̀wé owó ìfẹ̀yìntì lónìí, iye ọdún tó máa dúró kò sinmi lé M tàbí F mọ́. Ohun tí obìnrin yẹn tìtorí rẹ̀ dé Strasbourg, ìṣirò ló yanjú rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n yọ lẹ́tà náà kúrò nínú rẹ̀ pátápátá. Ní Swansea, wọ́n ṣì ń fi márùn-ún kún oṣù obìnrin.